Obìnrin Inú Àwòrán Kẹtàdínlógún

Òjòwú ni mí. Mo tètè sọ ọ́ fúnra mi kí ẹnikẹ́ni tó fi bú mi. Ìyá mi jowú títí ó fi kú, ìyá tó bí ìyá mi sì ta màlúù rẹ̀ kan ṣoṣo torí pé ọkọ rẹ̀ ń bá màlúù náà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ju bó ṣe ń bá òun sọ̀rọ̀ lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ ohun tí èmi Zenovia ṣe ní ilé àwòrán wa ní Chernivtsi, nílẹ̀ Ukraine, nígbà ìwọ́wé tó kọjá, ẹ má ṣe bí ẹni pé ẹ ò mọ ibi tó ti ṣẹ̀.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Èmi ni mò ń yan àwòrán tí a ó gbé kọ́, èmi ni mò ń sọ èyí tí yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí, èmi ni mò ń kọ ọ̀rọ̀ tí a ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Àwọn kan rò pé ìṣó àti òòlù ni gbogbo rẹ̀. Kí wọ́n wá gbìyànjú ẹ̀ wò. Àwòrán méjì tó dára lè máa bá ara wọn jà lórí ògiri bí orogún, ẹni tó gbé wọn síbẹ̀ ni wọ́n máa bú, wọn ò ní bú ẹni tó yà wọ́n.

Ti Tymish la fẹ́ ṣe nígbà náà, ọmọkùnrin kan láti Kharkiv tí a ò tíì fojú kan ara wa rí, orí fóònù la ti ń sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe kì í ṣe tuntun. Láyé àwọn bàbá wa àgbà, àwọn ayàwòrán máa ń rin abúlé kiri, wọ́n á gba fọ́tò kékeré lọ́wọ́ èèyàn, wọ́n á sọ ọ́ di ńlá, wọ́n á fọwọ́ kùn ún. Ètè á pupa, ẹni tí kò ní kóòtù á ní kóòtù. Tọkọtaya tí wọn ò jọ dúró ya fọ́tò rí, wọ́n á so wọ́n pọ̀, ọkọ ì báà wà lójú ogun, ìyàwó ì báà ti kú. Irú rẹ̀ kan wà lára ògiri ilé ìyá ìyá mi, lábẹ́ aṣọ ìnura tí wọ́n fi òwú pupa ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Láti ìgbà tí ogun yìí ti dé ni Tymish ti gbé iṣẹ́ náà dìde. Àwọn obìnrin ń fi fọ́tò ọkọ wọn ránṣẹ́ sí i, àwọn sójà ń fi ti ìyàwó wọn ránṣẹ́, òun á sì so èjìká wọn pọ̀. Kì í béèrè orúkọ, nọ́ńbà ló ń kọ sẹ́yìn wọn. Òfin rẹ̀ kan ló le: kì í ṣe ẹ̀dà. Fọ́tò tí o bá fún un gan-an ló máa gé, òun ló máa lẹ̀, òun ló máa kùn. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri lẹ́nu ọ̀nà pé àwọn àwòrán yìí ò ní ẹ̀dà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ẹrù dé, àwòrán mẹ́rìnlélógún. Aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì la máa ṣílẹ̀kùn fún àwọn èèyàn. Èmi àti Pani Stefa la jọ ń tú ẹrù; Pani ni à ń pe ìyáàfin lọ́dọ̀ wa. Pani Stefa ni ìyá àgbà tó máa ń jókòó lórí àga ní igun yàrá, tó ń jágbe mọ́ ẹni tó bá fọwọ́ kan nǹkan. Ó ti wà níbẹ̀ kí n tó dé, nítorí náà kò sí ohun tí kò lè sọ sí mi lójú.

"Zenovia," ó ní, "wá wo ọkùnrin yìí. Ó jọ ọkọ rẹ."

Mo wò ó. "Kò jọ ọ́. Òun ni."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. "Ta wá ni obìnrin yìí?"

Ohun tí mò ń bi ara mi náà nìyẹn. Yarema ọkọ mi, ọkọ ọdún méjìlélógún, tó ti lo ọdún méjì ó lé lójú ogun, òun ló dúró nínú àwòrán kẹtàdínlógún yìí tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, èjìká rẹ̀ kan èjìká obìnrin tí n kò mọ̀ rí.

"Bóyá mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni," Pani Stefa ní.

"Mo mọ gbogbo mọ̀lẹ́bí rẹ̀. Wọn ò lẹ́wà."

"Ṣebí Tymish ló so wọ́n pọ̀. Wọ́n lè má tíì ríra rí."

"Ta ló wá ní kó so wọ́n pọ̀? Afẹ́fẹ́ ni?"

Mo mọ̀ pé wọn ò jọ dúró. Ta ló tún fẹ́ mọ̀ ọ́n jù mí lọ? Ṣùgbọ́n owú kì í béèrè ohun tí èèyàn mọ̀. Ohun tó wá pa mí pátápátá ni ẹ̀wù. Kò sí ẹ̀wù Yarema tí n kò mọ̀, èmi ni mò ń fọ̀ wọ́n. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, òwú dúdú àti pupa la fi ń ya ọnà sára ẹ̀wù. Èyí tó wọ̀ yìí, òwú funfun ni lórí aṣọ funfun, irú èyí tí wọ́n ń rán lápá ìlà-oòrùn. Obìnrin náà sì wọ irú rẹ̀ gan-an, ewé kan náà lọ́rùn, ewé kan náà lápá, ọwọ́ kan náà ló rán méjèèjì. Nílẹ̀ wa yìí, ta ló ń rán ẹ̀wù ọkùnrin bá tara rẹ̀ mu bí kì í bá ṣe ìyàwó rẹ̀?

Mo pe Yarema, kò wọlé. Ó ti di ọjọ́ kẹsàn-án tí kò ti wọlé. Láwọn ọjọ́ mẹ́jọ àkọ́kọ́, ẹ̀rù ló ń bà mí, n kò lè jẹun. Lọ́jọ́ kẹsàn-án yìí, ẹ̀rù ò bà mí mọ́, inú ló ń bí mi. Mo pe Tymish.

"Tymish, ta ló ní kó o ṣe ìkẹtàdínlógún?"

"Ọkùnrin inú rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni, Pani Zenovia. Sójà ni. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́ nínú àpò ìwé kan láti ojú ogun."

"Kí ló sọ?"

"Ó ní kí n fi í sáàárín àwọn ti Chernivtsi, pé ibẹ̀ ni ìyàwó òun ti máa rí i. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, òun fẹ́ fi yà á lẹ́nu ni."

"Ìyàwó rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé kò dáa ni? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò lórí ojú obìnrin yẹn. Fọ́tò náà kéré, ó ti gbó, iná ti jó etí rẹ̀ kan."

"Ó dáa," mo ní. Mo pa fóònù.

Pani Stefa ti fetí sí gbogbo rẹ̀. "Bóyá ìwọ ni ìyàwó tó ń wí," ó ní. "Ṣebí iṣẹ́ rẹ nìyí, ó mọ̀ pé wàá rí i."

"Ṣé èmi lẹ rí nínú rẹ̀?"

Ó lọ gbé omi tíì kaná.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fi Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ ṣe, ojú ò ní tì mí. Mo kọ́kọ́ gbé àwòrán náà kọ́ sí igun tó ṣókùnkùn jù. Mo tún gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Nígbà tó yá mo gbé e wọ ọ́fíìsì mi, mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó tì í. Mo wo obìnrin yẹn bí ẹni ń kàwé ìdánwò. Ojú rẹ̀ gùn díẹ̀. Ipéǹpéjú rẹ̀ nípọn. Ọrùn rẹ̀ ga, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sápá òsì bí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ń wo òun. Ó pa ẹnu dé, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu náà. Ẹ̀rín kí ni? Ta ló ń rín? Mo lọ wo ara mi nínú dígí, mo tẹ ọrùn tèmi náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mí, mo jọ àkùkọ tó ń wá ilẹ̀ tí yóò tàn.

"Pani Stefa, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ó lẹ́wà jù mí lọ?"

"Ó kéré sí ọ lọ́jọ́ orí."

"Kì í ṣe ohun tí mo bi yín nìyẹn."

"Èmi mọ ohun tó o bi mí," ó ní, ó sì ń bá aṣọ òwú tó ń hun lọ.

Obìnrin yòówù tó bá gba ẹnu ọ̀nà kọjá, mo rò pé òun nìyẹn. Ṣebí wọ́n ní ó ń bọ̀ wá rí i níbí, nílé àwòrán tèmi, lábẹ́ iná tí èmi tò. Mo ti ro bí n ó ṣe kí i. Mo ti ro bàtà tí n ó wọ̀. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, obìnrin kan tó ga yọrí sí wa, mo sá jáde pàdé rẹ̀ tọwọ́ tẹsẹ̀. Ó ní òun ń wá ilé oníṣègùn eyín.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ náà, fèrè ìkìlọ̀ bọ́ǹbù dún. Gbogbo ilé sọ̀ kalẹ̀ lọ sábẹ́ ilẹ̀. Pani Stefa pè mí lẹ́ẹ̀mejì, mo ní kó máa lọ. Mo mú abẹ tí mo fi ń gé páálí. Mo gbé ìkẹtàdínlógún kalẹ̀ sórí tábìlì, mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi ètè. Ó ya mí lẹ́nu bí ó ṣe rọrùn tó. Ọ̀dà pupa kọ́kọ́ ṣí, fọ́tò tó wà lábẹ́ rẹ̀ wá tẹ̀ lé e bí èèpo ẹyin, lẹ́yìn náà ó ku bébà funfun. Mo ha ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo ha imú, mo fi ojú méjèèjì ṣe ìgbẹ̀yìn. N kò fọwọ́ kan Yarema. Nígbà tí mo ṣe tán, ara mi fúyẹ́, ebi tí n kò rí láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun dé. Mo jẹ búrẹ́dì oníwàràkàṣì tí Pani Stefa fi sílẹ̀, mo jẹ ẹ́ tán.

Òun náà ló kọ́kọ́ gòkè padà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, ó wo tábìlì, ó wo abẹ, ó wò mí.

"Ìwọ lo kọ ọ́ sára ògiri pé kò lẹ́dà," ó ní.

"Mo mọ ohun tí mo kọ."

"Wọ́n ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Tìrẹ ti jẹ dé egungun." Ó kó àwọn èépá ọ̀dà tó wà nílẹ̀ sínú bébà, ó ká a, ó fi í sínú dúrọ́ọ̀. N kò bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe.

Ọjọ́ Ẹtì, Tymish wọlé dé nínú ọkọ̀ ojú irin. Ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọ̀dà wà lábẹ́ èékánná rẹ̀, ó gbé nǹkan kan tí ó fi aṣọ wé mọ́ra. Ó ní èyí ló kẹ́yìn, òru ọjọ́rú lòun parí rẹ̀. Mo sọ fún un pé omi ba ìkẹtàdínlógún jẹ́. Ó gbé orí wálẹ̀. Ìgbà tó gbé orí sókè, ó ń wò mí. "Ẹ jọ ẹnì kan," ó ní. Mo ní gbogbo ayé ló ń jọra.

Aago mẹ́ta lù, ilé kún. A dákẹ́ ìṣẹ́jú kan nítorí àwọn tí kò padà wá. Mo sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́. Nígbà náà ni ọkùnrin kan tó fi ọ̀pá méjì rìn wá sọ́dọ̀ mi. Ó tó ẹni àádọ́ta ọdún, aṣọ ogun ló wọ̀, ó sì fá irùngbọ̀n rẹ̀ mọ́ tónítóní.

"Ṣé ẹ̀yin ni Pani Zenovia? Hordii lorúkọ mi. Èmi àti Yarema la jọ wà nínú kòtò ogun kan náà. Ó ní kí n kí yín. Ó ní ẹ máa bínú pé òun ò pè, àmọ́ fóònù kankan ò ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n wà. Nǹkan kan ò ṣe é."

Ó wà láàyè. Ìṣẹ́jú àáyá kan ni mo fi dúpẹ́, owú tún dé.

"Ó dáa tó wà láàyè," mo ní. "Mo ní nǹkan tí mo fẹ́ bi í."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ń wo ògiri kiri. "Mo ti yí ilé yìí po lẹ́ẹ̀mejì. N kò rí ara mi. Ó yẹ kí èmi àti ìyàwó mi wà níbí. Nínú àpò ìwé kan náà ni Yarema fi fọ́tò wa ránṣẹ́, tiwa àti tiyín."

Tymish tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yíjú. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ wọ aṣọ sójà nínú fọ́tò yín? Ẹ̀yin méjèèjì rèé." Ó tú aṣọ kúrò lára ohun tó gbé dání.

Hordii ló wà níbẹ̀, nínú aṣọ ogun. Ẹni tí èjìká rẹ̀ kan tirẹ̀, nínú aṣọ dúdú, lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ní ọjọ́ tí a lọ forúkọ ìgbéyàwó sílẹ̀, èmi ni.

Hordii ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá o. Ìyàwó Yarema lo fún mi. Ọmọ yìí, ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́?"

Etí Tymish pọ́n. "Fọ́tò mẹ́rin ló wà nínú àpò ìwé, ọkùnrin méjì, obìnrin méjì, kò sí àlàyé ẹni tó fẹ́ ẹni. Mo wo ẹ̀wù. Ọkùnrin kan wọ funfun lórí funfun, obìnrin kan wọ funfun lórí funfun, ewé kan náà. Ta ló máa rí ìyẹn tí kò ní mọ̀ pé tọkọtaya ni wọ́n?"

"Ẹ̀wù mi ni. Ìyàwó mi ló rán an fún mi. Ọjọ́ Ẹ̀wù Ọlọ́nà nínú oṣù Karùn-ún la ya fọ́tò, Yarema ò sì ní ẹ̀wù ọlọ́nà kankan nínú kòtò. Ó ní ìyàwó òun ò gbọdọ̀ rí òun nínú aṣọ sójà lára ògiri tirẹ̀. Mo bọ́ tèmi fún un." Ó yíjú sí mi. "Melania mi dà? Ibo lẹ gbé e kọ́ sí?"

Pani Stefa dìde lórí àga rẹ̀, ó tún jókòó.

Mo ní kí Hordii bá mi ká lọ sí ọ́fíìsì. Tymish tẹ̀ lé wa. Lójú ọ̀nà ni Hordii ti ń sọ ọ́ fún mi, bí ẹni ń sọ nǹkan tó ti sọ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, pé Izium lápá ìlà-oòrùn ni òun àti ìyàwó òun ń gbé, pé inú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ni Melania kú sí, pé ilé jóná pẹ̀lú ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀, pé fọ́tò kan yẹn ni òun hú jáde nínú eérú. Mo gbé ìkẹtàdínlógún sórí tábìlì níwájú rẹ̀. Ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín lórí rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi, ẹ̀wù funfun wà, ọrùn wà, irun wà.

"Kì í ṣe omi," mo ní. "Irọ́ ni mo pa fún Tymish. Èmi ni. Mo rò pé àlè Yarema ni."

Ó wò ó pẹ́. Ó gbé ìka rẹ̀ lé ibi tó funfun, ó tún gbé e kúrò.

"Kí lẹ fi ṣe é?"

"Abẹ."

"Melania ì bá fi eyín ṣe é," ó ní. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò jáde. "Obìnrin náà jowú. Ó jowú ajá mi."

Mo ní kó bú mi. Mo ní kó gbá mi létí, mo fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní etí mi ò wúlò fún òun. Ó jókòó sórí àga mi, ó to ọ̀pá rẹ̀ síra. "Mo máa ń di ojú mi," ó ní. "Ohùn rẹ̀ máa ń wá, ó á máa bá mi jà nítorí bàtà ẹlẹ́rẹ̀. Ojú rẹ̀ kì í wá. N kò lè wo fọ́tò yẹn, tí mo bá yọ ọ́, màá tún kì í bọ àpò. Ẹ̀yin wò ó. Ọjọ́ mélòó lẹ fi wò ó?"

"Ọjọ́ mẹ́ta."

"Ẹ sọ fún ọmọ yìí bó ṣe rí. Kó tún un yà."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Tymish náà fi wò ó, àmọ́ ó ní nígbà tí òun bá ti parí ojú kan, òun kì í rántí rẹ̀ mọ́, ojú tó kàn lòun ń rí. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ó gé àwòrán méjèèjì sí méjì, ó pààrọ̀ àwọn ọkùnrin. Yarema wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú ẹ̀wù ẹni ẹlẹ́ni, Hordii lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí kò lójú. Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ. Kò sí ohun tí n kò rántí. Ojú tó gùn díẹ̀, mo sọ ọ́. Ipéǹpéjú, mo sọ bó ṣe nípọn tó àti ibi tó ti tín-ín-rín. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ńkọ́? Imú ńkọ́? Mo ní imú náà tọ́, ó mọ níwọ̀n, irú imú tí mo fẹ́ láti kékeré. "Ṣé ó dá yín lójú?" Tymish ń bi mí. Mo ní ó dá mi lójú ju orúkọ mi lọ. Ohun tí mo fi ṣe ìlara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ni mo fún un padà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí mo sì ṣe ń sọ ọ́, inú ń bí mi lọ́tun. Obìnrin yìí ti kú, ọkọ rẹ̀ ṣì ń wá ojú rẹ̀ nínú òkùnkùn. Ta ló máa wá tèmi báyẹn? Bẹ́ẹ̀ ni mo jowú òkú lójú ara mi, ọwọ́ Tymish sì ń lọ.

Ọjọ́ Àìkú ló parí rẹ̀. Pani Stefa wá wò ó, ó ní, "Hẹn-ẹn." Èmi náà wò ó. Òun ni. Mo lè fi orí mi búra níwájú adájọ́ pé òun ni.

Hordii wá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, àpò ẹrù rẹ̀ lẹ́yìn, ó ń lọ sí ilé ìwòsàn fún ẹsẹ̀ rẹ̀. A ti gbé àwòrán náà kọ́ sí àárín ògiri, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára jù. Ó dúró níwájú rẹ̀. Mo ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, mo ń retí kí èjìká rẹ̀ gbọ̀n. Kò gbọ̀n.

"Ẹ ṣé," ó ní. "Iṣẹ́ ńlá lẹ ṣe." Ó tún wò ó. "Àmọ́ kì í ṣe Melania."

"Kí ni kò bára mu?" Tymish ti mú búrọ́ọ̀ṣì. "Ẹ sọ ọ́, màá tún un ṣe."

"N kò mọ èyí tí màá ní kó o tún ṣe. Melania ò rẹwà tó yìí. Kò tó o rárá. Imú rẹ̀ tóbi, ó máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ fúnra rẹ̀." Ó yíjú sí mi, kò sí ìbínú kankan lójú rẹ̀. "Pani Zenovia, ta ni obìnrin yìí?"

Obìnrin tí mo jowú rẹ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹnikẹ́ni ò bí i rí. Èyí tí wọ́n bí, tí imú rẹ̀ tóbi, mo ti fi abẹ ha á dànù.

Ó ní kí n kí Yarema fún òun nígbà tó bá pè. Ó fi àwòrán náà sílẹ̀ fún wa lára ògiri, ó mú ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì, ó ní ọkọ̀ ojú irin òun ti fẹ́ lọ.